Ẹ̀fọ́ inú ọyẹ́: bí ẹ ó ṣe gbin ẹ̀fọ́ gba ẹ̀ẹ̀rùn kọjá ní Ìbàdàn

Ní Ìbàdàn, òjò máa ń dáwọ́ dúró ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, a kì í sì í rí òjò gidi mọ́ títí di oṣù kẹta. Àárín ìgbà yẹn ni ìdì ẹ̀fọ́ máa ń di tín-ín-rín ní Bódìjà àti Ọjà-Ọba, tí owó rẹ̀ á sì máa gòkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé á ti gbé ọkọ́ kọ́ nígbà náà, wọ́n á ní ó tún di ìgbà òjò. Èmi ò sí lára wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fẹ́ràn jù láti fi gbin ẹ̀fọ́: èpò kì í dààmú èèyàn bíi ti ìgbà òjò, àrùn tó ń mú ewé rà kì í pọ̀, òjò alágbára ò sì ní wá gbá irúgbìn lọ mọ́ni lọ́wọ́. Omi nìkan ló kù. Orí omi yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé: ẹ wọn omi yín kí ẹ tó wọn ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó ka bẹ́ẹ̀dì

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ bò máa ń fẹ́ omi bíi lítà 4 sí 5 lójúmọ́ lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó. Ẹ má jẹ́ kí ìṣirò yẹn dẹ́rù bà yín. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 5, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan ló ń fẹ́ lóòjọ́. Kẹ́ẹ̀gì kan, bẹ́ẹ̀dì kan, ọjọ́ kan. Tí ọyẹ́ bá wá ń fẹ́ gan-an, tí ètè ń là, tí aṣọ tí ẹ sá ní àárọ̀ ti gbẹ kí ẹ tó fọ abọ́ tán, ẹ fi díẹ̀ kún un.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ní. Kànga yín ńkọ́? Kì í ṣe bó ṣe rí ní oṣù kọkànlá ni kí ẹ fi ṣèdájọ́ o, bó ṣe máa ń rí ní oṣù kejì ni, nígbà tí okùn bá ti gùn tí dòrò sì ń kó ẹrẹ̀ jáde. Ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò. Tó bá jẹ́ pé táǹkì oní-lítà 1,000 lẹ gbójú lé, kẹ́ẹ̀gì 40 ló wà nínú rẹ̀; bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin á mu ún tán ní ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó wẹ̀ o. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke, ẹ ṣírò owó kẹ́ẹ̀gì kan ní ìlọ́po 30 fún oṣù kan, kí ẹ fi wé iye tí bẹ́ẹ̀dì kan lè mú wá. Ìgbà mìíràn, ìṣirò yẹn á ní kí ẹ gbin bẹ́ẹ̀dì méjì péré. Ẹ gbà fún un. Bẹ́ẹ̀dì méjì tó ń rí omi mu yó á fún yín ní ẹ̀fọ́ ju bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tí òùngbẹ ń pa, torí ẹ̀fọ́ tí òùngbẹ bá bá jà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà: ó máa ń le, á korò, á sì yára tanná.

Omi tí ẹ fi fọ ìrẹsì tàbí tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ dára fún bẹ́ẹ̀dì. Omi ìfọṣọ tó ní ọṣẹ àti bílíìsì ò dára. Omi gọ́tà ni kí ẹ sá fún pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi bomi rin ẹ̀fọ́ nínú ìgboro, mo sì mọ̀ pé ewé á dúdú mìnìjọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ilé dà sínú gọ́tà yẹn ni ẹ̀ ń dà sórí ohun tí èèyàn fẹ́ jẹ. Létúùsì àti kùkúḿbà tí a kì í sè tilẹ̀ burú jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilẹ̀, àti bí bẹ́ẹ̀dì ṣe yẹ kó rí

Àwọn tó ríṣẹ́ ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe jù ní Ìbàdàn ni àwọn tó ní àkùrọ̀: etí Odò Ọ̀nà, agbègbè adágún Elẹ́yẹlé tí wọ́n ti sé odò náà láti 1942, àti àwọn etí omi kéékèèké tó kù káàkiri. Bí omi bá ti ń fà sẹ́yìn ni wọ́n ń tẹ̀lé e lọ. Tí ẹ bá fẹ́ gba àkùrọ̀, ẹ wá onílẹ̀ rí kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kí ẹ sì bá a fẹnu kò sí ọjọ́ tí ẹ ó kúrò. Ẹ má kọ́ ohun tó nípọn síbẹ̀. Ẹni tó bá rántí ohun tí ìkún omi odò Ògùnpa fojú Ìbàdàn rí ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 mọ̀ pé etí odò kì í ṣe ibi tí à ń kó ẹrù sí.

Ní àkùrọ̀, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, torí omi wà nísàlẹ̀, gbòǹgbò ò sì gbọdọ̀ rì sínú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò kan sí igun oko. Omi á sun sínú rẹ̀ lóru, ibẹ̀ lẹ ó ti máa bù ú láàárọ̀.

Ẹ̀yìn ilé ńkọ́? Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ibi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn jà nìyí, torí bẹ́ẹ̀dì gíga tí wọ́n kọ ní oṣù kẹfà náà ni wọ́n ń kọ ní oṣù kejìlá. Bẹ́ẹ̀dì gíga wà fún kí omi lè ṣàn kúrò. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ ń fẹ́ kí omi dúró. Nítorí náà ẹ jẹ́ kó rì: ẹ wa ilẹ̀ náà títí tó fi fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 rẹlẹ̀ ju ọ̀nà tí ẹ ó máa rìn lọ, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ kó jáde ṣe etí yí i ká, kí ẹ sì fi réèkì tẹ́ inú rẹ̀ kó dọ́gba. Tí kò bá dọ́gba, apá kan á kún fún omi, èkejì á gbẹ. Ẹ da omi kan sí i kí ẹ tó gbin nǹkan, ẹ ó rí ibi tí ó ga fúnra yín.

Ẹ má ṣe é kó fẹ̀ ju mítà 1 lọ tàbí díẹ̀ lé e. Ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ajílẹ̀: ìgbẹ́ adìẹ ni mo fọwọ́ sí jù, ó sì pọ̀ nílùú yìí torí àwọn ọlọ́sìn adìẹ yí wa ká. Ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ iná ni. Ẹ kó o jọ síbi tí nǹkan bò, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì máa yí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí tí òórùn rẹ̀ á fi lọ tí kò sì ní gbóná mọ́ tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Korobá oní-lítà 20 kan tó kún tó fún bẹ́ẹ̀dì oní-mítà 5. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbìn. Ìgbẹ́ màlúù náà dára, kì í lágbára tó ti adìẹ, ẹ lè lò ó ní ìlọ́po méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí lẹ fẹ́ gbìn?

Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ó ti wọ ìkòkò. Amúnútutù, gbúre àti ewúro náà kì í fúnni níṣòro. Ẹ̀ka ni kí ẹ fi gbin ewúro àti gbúre, ẹ má wulẹ̀ wá irúgbìn. Gbúre fẹ́ ibi tí òjìji díẹ̀ wà, nítòsí ibi tí omi ìwẹ̀ ẹsẹ̀ ń dà sí. Ugu tí ẹ gbìn nígbà òjò lè la ẹ̀ẹ̀rùn já tí ẹ bá bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ ugu tuntun ní oṣù kejìlá.

Tòmátò àti ata ní àǹfààní tiwọn. Òru tó gbóná máa ń jẹ́ kí òdòdó tòmátò re dànù láìso. Òru ọyẹ́ tó tutù ló ń jẹ́ kó so. Ẹ jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ bá ọyẹ́ pàdé, ìyẹn ni pé kí irúgbìn wọ nọ́sìrì ní ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ẹ má sì retí pé ẹ ó bá àwọn tírélà tó ń já tòmátò Òkè Ọya sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá du owó. Ti ọbẹ̀ ilé ni tiyín.

Ewédú àti ṣọkọ ní àrà kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Wọ́n á gbìn ín, á hù, kó tó ga dé orúnkún ó ti tanná, ewédú á ti so. Wọ́n á ní irúgbìn ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Irúgbìn kọ́. Ewédú ń wo bí ilẹ̀ ṣe ń tètè ṣú. Lóòótọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán tó gùn jù ní oṣù kẹfà àti èyí tó kúrú jù ní oṣù kejìlá kò tó wákàtí kan níhìn-ín, àwa ò tilẹ̀ ń kíyè sí i, ṣùgbọ́n ewédú ń kíyè sí i, ó sì máa ń kánjú so. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ má retí pé ẹ ó máa ré e lórí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin bí ìgbà òjò. Ẹ fọ́n ọn kó sún mọ́ra, kí ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ẹ sì tún fọ́n òmíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó má baà sí ìgbà tí ewédú ò ní sí. Ṣọkọ, ẹ tètè ré orí rẹ̀ kí òdòdó tó yọ.

Kábéèjì: àwọn kan ṣì rò pé Jos nìkan ló ti ń ṣe é. Jos ga, ó tutù, ó rọrùn fún un níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ irú tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gbígbóná wà, bíi KK Cross, èyí sì máa ń dì dáadáa ní Ìbàdàn tí orí rẹ̀ bá bọ́ sí oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Ẹ ka ara páálí irúgbìn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ tún lè lọ bèèrè ọ̀rọ̀ irúgbìn ní NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀fọ́ àti èso, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 ní Ìdí-Ìṣin, Jẹ́ríkò.

Ọ̀rọ̀ brókólì elésè-àlùkò

Mo gbọ́dọ̀ ya èyí sọ́tọ̀, torí àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba máa ń fi irúgbìn rẹ̀ há àpótí wá sílé fún ìyá wọn. Brókólì elésè-àlùkò, èyí tó ń yọ ọ̀pọ̀ orí kéékèèké dípò orí ńlá kan, ẹ̀fọ́ òtútù ni látilẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, wọ́n á ṣí i gbìn nígbà ooru wọn, á dúró sóko gba gbogbo òtútù kọjá, ó di oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún kejì kí wọ́n tó máa gé e. Òtútù gígùn yẹn ló ń sọ fún un pé kó yọ orí. Tiwa, òru ọyẹ́ tí à ń torí ẹ̀ wọ súwẹ́tà kì í sábà jìnnà sí dígírì 20. Lójú brókólì yìí, ooru nìyẹn. Á hù o, á ga, ewé rẹ̀ á gbòòrò, kò kàn ní yọ orí tó ń dúró dè. Tí ẹ bá ti gbìn ín, ẹ má fà á tu: ewé rẹ̀ ṣeé jẹ, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ fi se ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú irú àti panla. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ brókólì olórí ní Ìbàdàn, kó wá irú aláwọ̀ ewé olórí-kan tí wọ́n kọ sí i lára pé ó lè fara da ooru, kó sì tọ́jú rẹ̀ bíi kábéèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á láti London tàbí Manchester, ẹ̀yin ni brókólì yìí wà fún. Ẹ ṣí i gbìn kó jìnnà síra wọn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi igi tì í kí atẹ́gùn má baà wó o, ẹ sì ta àwọ̀n bò ó nítorí ẹyẹlé. Ẹyẹlé ibẹ̀ mọ ẹ̀fọ́ í jẹ ju ewúrẹ́ wa lọ. Orí àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, àwọn ẹ̀gbẹ́ á sì máa rú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: irúgbìn àti nọ́sìrì

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Tí ẹ bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, á dì jọ síbì kan, ibòmíràn á ṣófo. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, ìwọ̀n irúgbìn kan sí iyanrìn mẹ́wàá, kí ẹ wá fọ́n ọn. Ẹ fọwọ́ ra ilẹ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀, ẹ má bò ó jinlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ́n eérú yí bẹ́ẹ̀dì ká, torí èèrà. Èèrà lè kó irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lọ sílé wọn lóru ọjọ́ kan tí ẹ ó fi máa rò pé kò hù ni.

Ewédú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Tí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ á hù lónìí, díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyókù á sùn lọ. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi okùn so ó bí ìgbà tí a bá so ẹ̀gbọ̀n òwú, kó má fún pọ̀ jù kí omi lè dé gbogbo ara rẹ̀. Ẹ gbé omi kaná. Bó bá ti hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ki aṣọ yẹn bọ inú rẹ̀, ẹ ka oókan títí dé ẹ̀ẹ́wàá bí ẹni tí kò kánjú, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lọ dáhùn ìpè lórí fóònù o. Tó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná, ó ti di sísè. Ẹ tú u sórí páálí nínú ilé kó gbẹ, kí ẹ tó pò ó mọ́ iyanrìn fọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ á ti hù pọ̀, ilẹ̀ á kàn tutù yọ̀yọ̀ ni.

Kábéèjì, tòmátò àti ata, nọ́sìrì ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé. Ike, páálí wàrà tó ti tán, abọ́ tó ti fọ́, gbogbo rẹ̀ ló dára tó bá ti ní ihò nídìí. Ẹ fi ilẹ̀ òkè dúdú, iyanrìn àti ajílẹ̀ tó ti jinná kún un. Ẹ fa ìlà tó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí irúgbìn má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Lókè rẹ̀, ẹ fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà tó ga bíi mítà 1. Kábéèjì á yọjú láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ti yọ, ẹ máa yọ imọ̀ ọ̀pẹ dànù díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀fọ́ tó bá dàgbà sínú òjìji máa ń ga ránkẹ́ránkẹ́ láìní agbára. Ibi tí ó bá ti fún pọ̀, ẹ fa àwọn kan tu. Ó máa ń dunni, mo mọ̀, ẹ ṣáà fà á.

Nọ́sìrì ni omi àpọ̀jù ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù. Tí ọrùn ọ̀dọ́ kábéèjì bá rọ níbi tó ti kan ilẹ̀, tó wó lulẹ̀ lójijì, omi ti pọ̀ jù tàbí ó fún jù. Ẹ dín omi kù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣíṣí i gbìn

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ti tó ṣí ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta. Kábéèjì, tòmátò àti ata ń dúró di bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ ká àtíbàbà kúrò pátápátá, kí ẹ sì dín omi wọn kù, kí ìyà oko má baà jẹ́ tuntun sí wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn agogo márùn-ún. Ẹ bomi rin nọ́sìrì ní ọ̀sán kí iyẹ̀pẹ̀ lè bá gbòǹgbò jáde. Kábéèjì fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 síra wọn, tẹ̀tẹ̀ tí ẹ fẹ́ máa ré fẹ́ 15 sí 20. Ẹ gbin kábéèjì wọlẹ̀ dé ìdí ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi ìka méjèèjì tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì rọ omi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kán ẹ̀ka eléwé sí ìhà ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wá. Ó lè rẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́; tí ó bá ń nàró láàárọ̀, kò sí wàhálà.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bo ilẹ̀. Nínú gbogbo ìtọ́ni yìí, tí ẹ bá gbàgbé gbogbo rẹ̀ tí ẹ rántí èyí, ẹ̀fọ́ yín ṣì lè yè. Koríko gbígbẹ, pòròpórò àgbàdo tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, ẹ tẹ́ ẹ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kó má kan igi ẹ̀fọ́ náà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ wá gbẹ hóró-hóró, ó ń fa omi láti inú ilẹ̀ lójú yín. Ilẹ̀ tí nǹkan bò, á ṣì tutù nísàlẹ̀ nígbà tí ti aládùúgbò bá ti sán. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́búlẹ́bú pákó tútù láti ilé ìlagi ní Bódìjà: bó ṣe ń jẹrà ló ń jẹ oúnjẹ inú ilẹ̀, ewé á sì pọ́n. Èyí tó ti wà nílẹ̀ pẹ́ tó ti dúdú ló dára.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bíbomi rin lójoojúmọ́

Ẹ pín kẹ́ẹ̀gì yẹn sí méjì, ààbọ̀ ní kùtùkùtù, ààbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Káànù olójú ajere ni kí ẹ lò fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Korobá tí ẹ kàn dà gbàà á kó irúgbìn jọ sí igun kan. Tí ó bá ti dàgbà, ìdí ni kí ẹ máa da omi sí.

Ojú ilẹ̀ kì í sọ òótọ́. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ dé oríkèé kejì. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka, omi wà, ẹ lè gbé ti ìrọ̀lẹ́ yẹn fún bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Tí ó bá dà kúrò bí ìyẹ̀fun, ẹ ti pẹ́. Ewé tó rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán tó sì nàró ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ló kàn ń mú un. Èyí tó ṣì rẹ̀ ní agogo méje àárọ̀ ló ń ké pè yín. Kábéèjì tó ti ń dì kò fẹ́ kí ẹ pa á lóùngbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó wá rì í sómi: orí rẹ̀ á là.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tún fún wọn ní ajílẹ̀ tó ti jinná lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀kúnwọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ kábéèjì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bomi rin ín.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọn tó fẹ́ bá yín jẹ ẹ́

Ewúrẹ́ ni kìíní. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ohun tútù mọ́ ládùúgbò àfi ti ọgbà yín, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọgbà yípo kí ẹ tó gbin nǹkan kan, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ ó máa bá aládùúgbò tahùn-síra.

Èkejì ni tata aláwọ̀ mèremère. Láti bí oṣù kọkànlá lẹ ó ti rí àwọn ọmọ rẹ̀, dúdú tó ní àmì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń wọ́ jọ pọ̀ sórí ewé èpò tí à ń pè ní Akíntọ́lá. Ẹ gé Akíntọ́lá tó wà létí ọgbà. Ní kùtùkùtù tí ara wọn ṣì tutù, wọn kì í lè fò. Ẹ gbé korobá omi ọṣẹ sábẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n ṣù mọ́, kí ẹ gbọ̀n wọ́n sínú rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó di oṣù kejì, wọ́n á ti gúnyẹ̀ẹ́.

Kábéèjì ní ọ̀tá tirẹ̀: kòkòrò kékeré aláwọ̀ ewé, ọmọ labalábá eérú kan báyìí, tó máa ń ha ewé títí á fi kù bí awọ fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á máa jà pìtìpìtì, á sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ já bọ́ sílẹ̀. Abẹ́ ewé ló ń gbé. Ẹ máa yí ewé wò ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fọwọ́ pa á. Tí ó bá pọ̀, dóńgóyárò: ẹ gún èkùrọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ rẹ gíráàmù 50 sínú omi lítà kan mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ẹ sì fín in ní ìrọ̀lẹ́, torí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Òun náà lẹ ó fi lé àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ṣù mọ́ abẹ́ ewé nígbà ọyẹ́.

Ọ̀tapiapia ńkọ́? Rárá. Ẹ̀fọ́ tí ẹ ó ká lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń da oró eku àti aáyán sí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíká àti títà

Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó tún rú, ẹ ré e ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sókè ilẹ̀, á tún tó ré ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kábéèjì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀. Tí ó bá le gbandi, ẹ gé e, ẹ má dúró kó tóbi sí i. Ìrọ̀lẹ́ tàbí kùtù hàì ni kí ẹ ká ewé, kí ẹ fi àpò tí ẹ rẹ sómi bò ó.

Tí ó bá ju ti ọbẹ̀ lọ, àwọn alájàpá máa ń wá ra bẹ́ẹ̀dì lóko, wọ́n á fúnra wọn ká a. Ọ̀rọ̀ náà máa ń lọ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró. Èló lẹ fẹ́ gbà lórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin yìí, mà?”

“Ọjọ́ wo lẹ ó wá ká a ná, ìyá wa?”

Ìbéèrè ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju iye lọ. Ẹni tó bá sanwó lónìí tó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì, omi yín ni yóò máa mu títí ìgbà yẹn. Ẹ dá ọjọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ lójú owó pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, owó omi á gorí ẹ̀. Ẹ má tún ta gbogbo bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ẹ fọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fi di oníbàárà yẹn mú.

Ẹ fi igi tẹ̀tẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin tó dára jù sílẹ̀ fún irúgbìn. Ewédú tó ti so kí ẹ tó ká a náà, ẹ jẹ́ kí èso rẹ̀ gbẹ lórí igi, ẹ ká a kó tó là, ẹ dì í sínú ìgò tó gbẹ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá já lójijì ní oṣù kẹta, ẹ la ẹnu bẹ́ẹ̀dì tó rì yẹn lápá kan kí omi lè jáde, kó má rì gbòǹgbò ohun tó ṣì wà nínú rẹ̀. Bí òjò bá ti wá ń rọ̀ léraléra, ẹ tú etí rẹ̀ ká, kí ẹ kọ bẹ́ẹ̀dì gíga.